ILÉ NI A TI Í KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE: Ọ̀rọ̀ sí àwọn tí ń kẹ́gàn fífún ìgbá nínú ilé, àti sí àwọn tí ń ṣe é láìmọ ìdí rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi etí sílẹ̀ sí mi fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbá ni mo bá wá, ìgbá tí a ń jẹ, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìkàn. Bóyá ẹnìkan yóò rẹ́rìn-ín pé èwo ni ti ìgbá nínú ìwé ẹgbẹ́ tí ó yẹ kí ó máa sọ̀rọ̀ àwọn ọba àti àwọn ogun àtijọ́. Kí ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, kí ó sì kà á dé ìparí.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ bẹ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí a rán an lọ láti fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́ sí ara pátákó, pẹ̀lú ìkọ̀wé tí ó dára púpọ̀, pé a gbọ́dọ̀ fún ìgbá nínú ilé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tí ìrì dídì yóò bọ́ kẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ìgbà wo ni ìrì dídì máa ń bọ́ ní ìlú wa?” Olùkọ́ wò mí, èmi náà wo olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí ọmọ náà jókòó, pé ìbéèrè rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀kọ́ ti òní.

Ìtìjú bá mi, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó rán olùkọ́ náà jáde. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, mo rò pé èmi yóò rí ìtùnú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, ẹni ọ̀wọ̀ tí èmi kò lè bá ta ko ojú, dìde ó sì wí pé ẹ̀bi kì í ṣe ti ìrì dídì, pé fífún ìgbá nínú ilé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀bi, pé àṣà òyìnbó ni, pé àwọn baba wa kò tọ́jú irúgbìn nínú ilé bí ọmọ ọwọ́, àti pé kí olúkúlùkù da irúgbìn rẹ̀ sí oko nígbà tí òjò bá dé, kí ó sì fi èyí tí ó kù lé Olúwa lọ́wọ́. Gbogbo ilé pa àtẹ́wọ́. Mo dákẹ́ ní ọjọ́ náà nítorí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ títí, tara mi yóò bá mi dákẹ́, ti àwọn ọmọ tí a ń kọ́ yóò sì bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ní gbangba kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Olùkọ́ tí ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìrì dídì, àti àgbà tí ó ní kí a da gbogbo rẹ̀ nù, àrùn kan náà ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì. Èkíní tẹ́wọ́ gba ohun kan nítorí pé ó bá a nínú ìwé òyìnbó. Èkejì kọ ohun kan náà sílẹ̀ nítorí pé ó gbọ́ pé ó wà nínú ìwé òyìnbó. Kò sí ẹni tí ó bi ìgbá fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Bí òyìnbó bá ni í ń darí gbígbà wa, tí òyìnbó náà ni ó sì tún ń darí kíkọ̀ wa, níbo ni òmìnira tí a ń pariwo rẹ̀ wà?

Èkíní ná, ẹ jẹ́ kí a wádìí bóyá àṣà òyìnbó ni ní tòótọ́. Ìyá tí ó bí mi kò mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ bá ń lọ, tí òjò àkọ́rọ̀ kò ì tíì dé, a máa gbé ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ wá sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìdáná. Ilẹ̀ dúdú láti ẹ̀yìn ààtàn ni ó fi ń kún un, lẹ́yìn tí ó bá ti dáná igi wẹ́wẹ́ sórí ilẹ̀ náà, tí iná ti kú, tí ilẹ̀ sì ti tutù. Òun yóò wọ́n irúgbìn sí i, yóò fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, yóò sì to ẹ̀gún yí i ká nítorí àwọn adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe sí ata, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe sí ìgbá. Mo bi í léèrè ní ọjọ́ kan ìdí tí kò fi kó gbogbo rẹ̀ lọ sí oko lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ta ní í rán ọmọ ọwọ́ lọ sí oko?”

Bí ẹnìkan bá sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ni ìyá mi ti kọ́ ọ, n ó mú ẹ̀rí mìíràn wá, ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀: a ní a *lọ́* ata, a ní a *lọ́* tábà, èyí ni pé a ṣí i nípò láti ibi tí ó ti hù, a sì gbìn ín sí ibi tí yóò dàgbà sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò, a kò sì fi ẹnu òyìnbó pè é. Èdè kì í dá orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí àwọn tí ń sọ ọ́ kì í ṣe. Bí àwọn baba wa kò bá lọ́ ohun ọ̀gbìn rí, níbo ni wọ́n ti rí *lọ́*?

Ìgbá pàápàá ńkọ́? Òtítọ́ ni pé èyí tí ó gùn, tí ó sì ní àwọ̀ elésèé àlùkò, tí ó kún inú àwọn ìwé òyìnbó, ará Éṣíà ni, níbi tí àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ti ń gbìn ín láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ìgbá tiwa, funfun rẹ̀, aláwọ̀ ewé rẹ̀, abilà rẹ̀, kíkorò rẹ̀ àti èyí tí kò korò, pẹ̀lú èyí tí a ń ká ewé rẹ̀ fún ẹ̀fọ́, ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni a ti sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Nígbà òwò ẹrú, ó bá àwọn ènìyàn wa kọjá òkun, títí di òní yìí ni àwọn ará Brazil sì ń jẹ ẹ́, tí wọ́n ń pè é ní *jiló*. Àwọn ará wa tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè kò jẹ́ kí ó parun; àwa tí a wà ní òmìnira ni a kò mọ bí a ṣe ń fún un.

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà, aráyé yóò bá a fi kó ilẹ̀. Ohun tí ó ṣe igbá tí a fi ń bu omi ni ó ṣe ìgbá tí a ń jẹ. Àwọn aládùúgbò wa ará Ìgbò a máa gbé e síwájú àlejò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbé obì. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀mọ̀wé a máa pè é ní oúnjẹ ewúrẹ́, títí tí wọn yóò fi rí i nínú àwo ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àgbà wa tún fi òwe afúnrúgbìn inú Ìwé Mímọ́ gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èmi tí mo ti ń wàásù lórí òwe náà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó padà lọ kà á. Òtítọ́ ni pé ọkùnrin náà da irúgbìn káàkiri. Ṣùgbọ́n kí ni ó rí? Àwọn ẹyẹ jẹ nínú rẹ̀, oòrùn jó nínú rẹ̀, ẹ̀gún fún nínú rẹ̀ pa, ibi kan ṣoṣo nínú ibi mẹ́rin ni ó sì ti rí èrè. Ọkà tí a fi ń kún agbọ̀n ni ọkùnrin náà ń fún, ó lè fara da àdánù. Ta ni nínú wa tí ó ní agbọ̀n irúgbìn ìgbá? Wóró rẹ̀ kéré, ó pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ lè gbé e, èèrà sì lè ru ú lọ. Òjò ńlá kan ṣoṣo nínú oṣù kẹrin tó láti wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ sí ojú àgbàrá. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀tá mẹ́ta tí ó wà nínú òwe náà, ẹnu ẹyẹ, oòrùn àti ẹ̀gún, ni ọ̀tá tí ìyá mi ń fi ìkòkò, imọ̀ ọ̀pẹ àti ilẹ̀ tí iná ti jó bá jà.

Nísinsìnyí mo yí ojú sí olùkọ́ wa, tí ó gbà pé ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé kò lè ṣìnà. Ìwé náà kò purọ́. Fún ilẹ̀ tí a ti kọ ọ́, òtítọ́ ni ó sọ. Irúgbìn ìgbá fẹ́ràn ooru. Bí ilẹ̀ bá gbóná tó ìwọ̀n 24 sí 32 ní ìwọ̀n Celsius, yóò hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí ó bá tutù, yóò dùbúlẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Ọmọ mi obìnrin kan ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà sì ń gbin ìgbá. Nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí ìta ṣì tutù nini, ó ní láti fún irúgbìn rẹ̀ sínú ike lójú fèrèsé, nítòsí ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná. Ìmọ́lẹ̀ kò tó: nínú oṣù kejìlá, ojúmọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò pé wákàtí mẹ́jọ, ó sì pẹ́ kí ó tó gùn padà. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń yí àwọn ike náà padà, nítorí pé àwọn ọmọ ìgbá a máa na ọrùn sí fèrèsé bí ẹni tí ń retí àlejò. Ìgbà tí oṣù kẹfà dé, tí kò sí ìbẹ̀rù ìrì dídì mọ́, ni ó tó gbé wọn síta.

Níbẹ̀, nígbà náà, òtútù ni ìdí tí a fi ń fún ìgbá nínú ilé. Ní ìlú wa, ta ni òtútù pa ìgbá rẹ̀ rí? Nǹkan bí wákàtí méjìlá ni oòrùn fi ń ràn ní Ìbàdàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, ooru tí òyìnbó ń fi owó rà fún irúgbìn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ìdí tiwa yàtọ̀ pátápátá. Oòrùn tí ó pọ̀jù, òjò tí ó le jù, ẹnu adìẹ, eyín ewúrẹ́, èèrà, ìrẹ̀ tí í gé èhù lọ́rùn lóru, àti àìdúró òjò àkọ́rọ̀, tí í dé lónìí tí í sì parẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìwọ̀nyí ni a ń sá fún. Òyìnbó ń gbé ìgbá wọlé kí ó lè móoru. Àwa ń gbé e sábẹ́ òrùlé kí ooru àti ìjì má bàa pa á. Iṣẹ́ náà jọ ara wọn ní ojú, ṣùgbọ́n ìdí wọn jìnnà sí ara wọn bí ìlà-oòrùn ti jìnnà sí ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń bú olùkọ́ ọ̀dọ́ yìí láti orí òkè. Èmi náà ti jẹ nínú àkàrà yìí rí, ó sì gbóná lẹ́nu mi. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba ìtọ́jú oko ilé-ẹ̀kọ́, mo ka ìwé kan tí ó ní kí a fi díńgí bo àpótí irúgbìn kí ooru má bàa jáde. Mo ra díńgí. Mo fi bo àpótí náà nínú oṣù kẹta, ní ojú oòrùn, mo sì ń yangàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé báyìí ni a ń ṣe é ní ilẹ̀ àwọn tí ó gbọ́n. Ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n hù, a ṣí díńgí náà: gbogbo wọn ti sè bí ẹ̀fọ́. Ní ọdún kejì, mo ka “nínú ilé,” mo sì gbé àpótí wọ inú iyàrá tí a ń kó ọkọ́ àti àdá sí. Wọ́n hù, wọ́n ga, wọ́n funfun, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, atẹ́gùn àkọ́kọ́ tí ó fẹ́ sì tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀. Ọgbà ìyá mi kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìgbá rẹ̀ ti ń so. Èmi ọ̀mọ̀wé kò lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí orúkọ rẹ̀ lára ìwé kankan.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣò. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìrì dídì, ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nítorí pé ṣòkòtò ẹlòmíràn kò bá wa mu, a kò torí èyí ní kí a máa rìn níhòòhò. A ó dá tiwa ni.

Bí a ó ti dá a nìyí. Ìka òjò ni kí a máa kà dípò ìka ìrì dídì. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ wa, òjò àkọ́rọ̀ a máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ó ń tètè dé lọ́dọ̀ àwọn tí ó wà nítòsí òkun, bí Èkó àti Ìjẹ̀bú, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ni ọmọ ìgbá ń lò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí òjò rẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àárín oṣù kẹrin, kí ó fún irúgbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìgbá ẹlẹ́ẹ̀kejì, kí ó fún un ní ìparí oṣù keje, kí ó lè lọ́ ọ nígbà tí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ bá parí, tí àrọ̀kúrò sì bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án.

Ohun èlò kò ní láti ná ẹnikẹ́ni lówó. Ìkòkò fífọ́, agolo tí a lu ihò sí nídìí, èèpo àgbọn, ike omi tí a gé sí méjì, gbogbo wọn dára, bí omi bá ṣáà lè jò kúrò ní ìsàlẹ̀ wọn. Kí ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ dúdú tí a pò mọ́ ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà dáradára àti iyanrìn díẹ̀. Kí a má ṣe bù ú ní ibi tí ata, tòmátì tàbí ìgbá wà ní ọdún tí ó kọjá, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn ọ̀kan ni àrùn èkejì. Iná tí àwọn ìyá wa ń dá sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó bù ú kì í ṣe ìgbàgbọ́ asán: ó ń pa irúgbìn koríko, ó ń pa ẹyin kòkòrò, ó sì ń pa àwọn aràn tí ojú kò rí, tí í mú kí gbòǹgbò ìgbá so kókó kókó. Ẹni tí kò lè dáná, kí ó da omi híhó sí ilẹ̀ náà, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù kí ó tó fún irúgbìn.

Kí a má ri irúgbìn jìn. Bí èékánná ìka kékeré bá ti lè bò ó, ó tó. Kí a má sì fún un pọ̀. Ibi tí èhù bá ti fún mọ́ra, tí omi sì pọ̀jù, ìdí wọn a máa rọ̀, a máa dúdú, wọn a sì wó lulẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, olúwa wọn a sì máa wá àjẹ́ tí ó ṣe é. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀; omi àṣejù ni. Òwúrọ̀ ni kí a máa bomi rin wọ́n, ìwọ̀nba sì ni. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ ni kí wọ́n wà, kí ó má jẹ́ inú iyàrá, kí ó má sì jẹ́ ibi tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ òjò yóò ti máa dà lé wọn lórí.

Nígbà tí wọ́n bá ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ìta. Oòrùn òwúrọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà títí dé ọ̀sán, lẹ́yìn náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí a sì dín omi wọn kù díẹ̀, kí ara wọn le. Ẹni tí ó bá fo ìpele yìí, òun ni yóò sọ pé ìgbá inú ilé kì í yè. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a lọ́ wọn, tàbí ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó wà nídìí gbòǹgbò wọn, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà méjì sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Kí a ṣíji bò wọ́n pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà, oṣù méjì sí mẹ́ta ni a ó fi dúró de èso àkọ́kọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìgbá tí a tọ́ dáradára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti gba ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí ó nílò.

Ó ku ọ̀rọ̀ irúgbìn, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ bí tiwa ti ta jí. Àpò irúgbìn aláràbarà kún ọjà báyìí, púpọ̀ nínú wọn ni a sì kọ F1 sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ òbí méjì tí ó yàtọ̀ síra wọn ni irúgbìn náà. Yóò so dáradára ní ọdún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá mú irúgbìn nínú èso rẹ̀ tí a sì gbìn ín, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fọ́n ká, ọ̀kan yóò jọ ìyá, òmíràn yóò jọ baba, àwọn mìíràn kò ní jọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó rà á yóò tún padà lọ rà á ní ọdún kejì. Èmi kò ní kí àgbẹ̀ tí ó fẹ́ rà á má rà á. Ṣùgbọ́n ìgbá àtọwọ́dọ́wọ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Òdòdó rẹ̀ a máa gba ara rẹ̀ lóyún lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ọmọ rẹ̀ a máa jọ òbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi èso kan tí ó dára jù sílẹ̀ lórí igi títí yóò fi pọ́n tán, tí ó fọ̀ ọ́ nínú omi, tí ó da àwọn tí ó léfòó nù, tí ó sá àwọn tí ó rì sí abẹ́ ibòji títí wọn yóò fi gbẹ, tí ó sì fi wọ́n sínú àdó tí ó ní ìdérí, ó ti ní irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ láìyá owó. Nígbà tí ìyá mi kú, a bá àdó mẹ́ta ní òkè àjà rẹ̀. Ẹnìkan nínú wa, tí ó kàwé, kó wọn dà nù pẹ̀lú pàǹtí. Èmi ni ẹni náà. Irú ìgbá kan wà tí ìyá mi ń gbìn, funfun ni, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a, n kò tíì rí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀bi tí ó tóbi jù wà. Ọmọ tí ó pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́, oko ni a ń rán an. Ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, koríko ni a ní kí ó lọ gé. A ti sọ ọkọ́ di pàṣán, lẹ́yìn náà ni a wá ń ṣe kàyéfì pé àwọn ọmọ kò fẹ́ràn ilẹ̀. A sì ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìyá wọn pẹ̀lú èdè tí ìyá wọn kò gbọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi mọ̀ pé iṣẹ́ ìyá wọn ni. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáradára. Ọ̀rọ̀ wo ni a ṣe aláìní nínú iṣẹ́ ìgbá? A ní fún, a ní hù, a ní èhù, a ní ta gbòǹgbò, a ní lọ́, a ní àkọ́rọ̀, a ní àrọ̀kúrò. Ìrì dídì nìkan ni kò wúlò fún wa.

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a kọ ìwé pélébé kan ní èdè wa, tí yóò fi òjò ka ìgbà fífún àti ìgbà lílọ́ ohun ọ̀gbìn, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òjò rẹ̀ ti rí. Kí àwọn àgbẹ̀ obìnrin jókòó pẹ̀lú wa láti kọ ọ́, kí a sì lọ bá àwọn onímọ̀ NIHORT, ilé ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1975, kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú irúgbìn ìgbá ilé rẹ̀ wá sí ìpàdé ọdún wa, kí a ṣe pàṣípààrọ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé inú àdó ẹnìkan ṣoṣo ni irú kan yóò kù sí. Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé a kò ní fi oko jẹ ọmọ níyà mọ́.

Àgbà wa tí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ọjọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ ní a ń tọ́jú irúgbìn bí ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe é, kí òyìnbó kankan tó ṣí ìwé fún wa. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré náà ní oṣù kẹta ọdún yìí. Mo bẹ olùkọ́ wa pé kí ó jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì gbà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Mo wí fún ọmọbìnrin náà pé ìrì dídì kì í bọ́ ní ìlú wa, àti pé ìbéèrè rẹ̀ ni ó dára jù nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Kí ló dé tí a fi ń fún un nínú ilé nígbà náà?” Kí n tó la ẹnu, ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kíláàsì ti dáhùn: “Nítorí adìẹ ni! Ìyá àgbà mi sọ bẹ́ẹ̀.”

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́ ìkọ́ni,
OLÙKỌ́-ÀGBẸ̀